Ẹ fẹ́ ṣe 'Les Misérables' ní Fìdítì? Ìtàn náà ti di ti gbogbo ayé, orin rẹ̀ ṣì lẹ́ni tó ni ín

Ọkùnrin kan jí búrẹ́dì torí pé ebi fẹ́ pa àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún 5. Ó sá, wọ́n mú un, wọ́n fi kún un. Ó tún sá, wọ́n tún fi kún un, títí tó fi di ọdún 19 gbáko. Nígbà tó jáde, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà á sílé, àfi bíṣọ́ọ̀bù arúgbó kan. Lóru ọjọ́ yẹn gan-an, ó kó àwọn àwo fàdákà bíṣọ́ọ̀bù, ó bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn agbófinró mú un padà wá. Kí ni bíṣọ́ọ̀bù sọ? Ó ní òun lòun fi ta á lọ́rẹ. Ó tún mú ọ̀pá àbẹ́là fàdákà méjì, ó ní, "O gbàgbé ìwọ̀nyí."

Bí ẹ bá sọ ìtàn yìí létí títì ní Fìdítì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìyá tó ń ta ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó fún àwọn arìnrìn-àjò Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé ìlú wo ló ti ṣẹlẹ̀. Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa ọmọ tí wọ́n lù bí ẹní máa kú torí fóònù tàbí torí gààrí. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé nínú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà, àwọn tí ilé-ẹjọ́ ò tíì dá lẹ́jọ́ pọ̀ ju àwọn tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ ẹni tó jalè torí ebi kì í ṣe ọ̀rọ̀ Faransé nìkan.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ lórí ìbéèrè kan. Ká ní àwọn ọ̀dọ́ ìjọ kan, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Fìdítì tàbí Ìlọrà, fẹ́ gbé eré olórin yìí sórí ìtàgé, ṣé ó ṣeé ṣe? Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀, wọn ò sì jọra rárá. Ẹni tí ò bá mọ ìyàtọ̀ wọn lè fi oṣù mẹ́ta ṣe ìdánrawò, kó dá owó aṣọ, kó tẹ tíkẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo rẹ̀ wá já sí pàbó.

Ìwé lọ́tọ̀, eré olórin lọ́tọ̀

Victor Hugo, òǹkọ̀wé ọmọ Faransé, ló kọ ìwé 'Les Misérables'. Ọdún 1862 ló jáde, nígbà tí Hugo fúnra rẹ̀ wà nígbèkùn ní erékùṣù Guernsey torí pé òun àti Napoleon Kẹta tó ń ṣèjọba Faransé ò rẹ́. Orúkọ ìwé náà ń tọ́ka sí àwọn òtòṣì, àwọn tí ayé ń fìyà jẹ. Jean Valjean ni ọkùnrin tó jí búrẹ́dì. Javert ni ọlọ́pàá tó fi gbogbo ayé rẹ̀ lé e kiri, torí lójú tiẹ̀, ẹni tó bá ti jalè lẹ́ẹ̀kan, olè ni títí ayé.

Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn náà kí eré olórin tó jáde látinú ìwé yìí. Ní 1980 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní Paris. Claude-Michel Schönberg ló gbé ohùn orin kalẹ̀, Alain Boublil àti Jean-Marc Natel ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lédè Faransé. Cameron Mackintosh ló gbé e wá sí London, Herbert Kretzmer sì kọ ọ̀rọ̀ orin náà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ 8 oṣù October, 1985 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Barbican. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa eré nínú ìwé ìròyìn bẹnu àtẹ́ lù ú, àmọ́ àwọn èèyàn ń tò fún tíkẹ́ẹ̀tì. Ní 1987 ó dé Broadway ní New York. Fíìmù orin rẹ̀ tí Hugh Jackman ṣe, tí ọ̀pọ̀ nínú yín wò lórí fóònù, 2012 ló jáde.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan: ẹni tó kọ ìwé kọ́ ló kọ orin. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ohun tí òfin wí

Òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ ní Nàìjíríà báyìí ni Copyright Act 2022, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù March, 2023. Ohun tó wí lórí ìwé àti orin rọrùn: ẹni tó bá kọ nǹkan ló ni ín ní gbogbo ìgbà ayé rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá kú, àwọn àrólé rẹ̀ ló ni ín fún 70 ọdún, a ó sì máa kà á láti òpin ọdún tó kú. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ti gbogbo ayé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Victor Hugo kú ní 1885. Ẹ fi 70 kún un, ó di 1955. Ó ti pẹ́ tí ìwé rẹ̀ ti di ti gbogbo wa. Ẹ lè túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ẹ lè sọ ọ́ di eré, ẹ lè sọ Valjean di Àkànjí, ẹ ò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Herbert Kretzmer tó kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú orin ńkọ́? 2020 ló kú. Ẹ fi 70 kún un: ó di òpin 2090. Ẹnì kan péré nínú àwọn tó ṣe eré náà nìyẹn o. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá kọ àwọn orin yẹn lórí ìtàgé láìgba àṣẹ ń lo ohun olóhun, ì báà jẹ́ ní Lagos, ì báà jẹ́ nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìlọrà.

Ó sì yẹ kí n fi èyí kún un torí àwọn tó bá fẹ́ yà sọ́dọ̀ ìwé tiwa. Fagunwa kú ní 1963, nítorí náà àwọn ìwé rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ títí di òpin 2033. Amos Tutuola kú ní 1997, tirẹ̀ di òpin 2067. Pé ìwé kan jẹ́ ti Yorùbá kò sọ pé ọ̀fẹ́ ni.

Ọ̀nà kìíní: ẹ gba àṣẹ

Bó bá jẹ́ pé orin London yẹn gan-an lẹ fẹ́, ilé-iṣẹ́ tó ń fúnni láṣẹ rẹ̀ ni Music Theatre International. Wọ́n ní ẹ̀dà kan tí wọ́n gé kúrú fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, School Edition ni wọ́n ń pè é. Ẹ óò kọ̀wé sí wọn, ẹ óò sọ ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ ṣe é, iye àga tó wà níbẹ̀, iye tẹ́ ẹ fẹ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì, àti iye ìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe é. Irú àwọn nǹkan wọ̀nyí ni wọ́n fi ń ṣírò owó tẹ́ ẹ máa san. Ìwé eré àti ìwé orin náà, ọ̀dọ̀ wọn lẹ ti máa gbà á.

Nǹkan mẹ́ta wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Àkọ́kọ́, àṣẹ láti ṣeré kì í ṣe àṣẹ láti yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹ ò lè gé ibi tó gùn, ẹ ò sì lè túmọ̀ orin náà sí Yorùbá láìgba àṣẹ ọ̀tọ̀ fún ìyẹn. Ìkejì, àṣẹ láti ṣe é lórí ìtàgé kì í ṣe àṣẹ láti ju fídíò rẹ̀ sórí YouTube. Ìkẹta, orin aláìlóhùn tẹ́ ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní karaoke, kò sọ yín di ẹni tó ní àṣẹ. Pé nǹkan wà níta kò sọ pé kò lólówó.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ má gba ọ̀nà yìí. Bí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá lágbára rẹ̀, ẹ gbà á, ẹ óò kọ́ iṣẹ́ púpọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà kejì ló wù mí jù, torí òun ni ọ̀nà tí àwọn baba wa nínú eré ìtàgé gbà.

Ọ̀nà kejì: Ògúnmọ́lá ti rìn ín rí

Ní 1952, ilé-iṣẹ́ Faber and Faber ní London tẹ 'The Palm-Wine Drinkard', ìwé tí Amos Tutuola ọmọ Abẹ́òkúta fi Gẹ̀ẹ́sì kọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Raymond Queneau túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Ẹ rí i pé àwọn ará Paris ti ń ka ìtàn ọ̀mùtí tiwa lédè wọn láti 1953.

Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí tó ní ẹgbẹ́ eléré ní Òṣogbo, wá gba owó ìrànwọ́ Rockefeller Foundation, ó sì lọ lo oṣù mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ eré ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni 'Ọ̀mùtí', tí wọ́n gbé sórí ìtàgé níbẹ̀ ní 1963. Demas Nwoko ló ṣe ọnà ìtàgé rẹ̀. Ògúnmọ́lá mú ìtàn tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì, ó dá a padà sí Yorùbá. Ó fún ọ̀mùtí tí kò lórúkọ gidi nínú ìwé ní orúkọ tí èèyàn lè pè: Láńkẹ́. Ó kọ orin tirẹ̀ sí i, ó fi ìlù sí i. Ìwé tí ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lé lórí wá di eré tí ìyá alákàrà ń kọrin rẹ̀ lọ sílé. Ní 1969, wọ́n gbé e lọ sí àjọ̀dún àṣà Áfíríkà ní Algiers.

Kì í ṣe Ògúnmọ́lá nìkan. Ọlá Rótìmí mú ìtàn Oedipus ti àwọn Gíríìkì ní 1968 ní Ifẹ̀, ó sọ ọba náà di Ọdẹ́wálé, ó pe eré náà ní 'The Gods Are Not to Blame'. Wálé Ògúnyẹmí sọ Macbeth di 'Aare Akogun'. Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan mú àwàdà Georges Feydeau tó jẹ́ ará Faransé, ó sọ ọ́ di 'Midnight Hotel', ó sì fi ń bú àwọn olóṣèlú wa. Bá a bá sì tún wẹ̀yìn sí i, ní 1826 ní Ọ̀yọ́ Ilé, Hugh Clapperton jókòó lọ́dọ̀ Aláàfin, ó ń wo àwọn eléré egúngún tí wọ́n ń ṣe bí òyìnbó lójú agbo. Òyìnbó gidi jókòó, ó ń wo òyìnbó tí wọ́n gbé egúngún rẹ̀ jáde! Ọdún 36 ṣáájú kí ìwé Hugo tó jáde nìyẹn. Ẹni tó bá sọ pé ìtàn òkèèrè ò bá ìtàgé Ọ̀yọ́ mu, kò mọ ìtàn Ọ̀yọ́.

Jí àti jì

Yàtọ̀ sí òfin, ìdí mìíràn wà tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ orin tiyín: èdè wa ní ohùn. Orin tí wọ́n ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì kò mọ dò, kò mọ mí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì mọ ohun tí mò ń sọ, torí àwọn orin ìyìn kan wà tẹ́ ẹ kọ láti kékeré tẹ́ ẹ ò mọ ohun tí ìlà kan nínú rẹ̀ ń wí àfi ọjọ́ tẹ́ ẹ kà á nínú ìwé. Thomas Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Lagos láti 1914 títí di 1962, kọ odindi ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953, ara ohun tó ń jà fún sì ni pé kí ohùn orin máa bá ohùn ọ̀rọ̀ rìn.

Ẹ wo bó ṣe kan ìtàn yìí gan-an. Valjean jí àwo. Bíṣọ́ọ̀bù fi jì í. Ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín jí àti jì. Ká ní bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ kọ ọ́ lórin pé "Mo ti fi jì ọ́," tí orin òyìnbó wá gbé ohùn sókè níbi tó yẹ kó ti wálẹ̀, olè làwọn èèyàn máa gbọ́ níbi tí àforíjì wà. Gbogbo ìtàn náà ló dúró lórí ohùn yẹn, ẹ ò sì lè fi í ṣeré. Àmọ́ ẹni tó bá kọ orin náà ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ lè fi jí àti jì yẹn dárà tí kò sí ní Faransé, tí kò sí ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ tún ro ti ìlù. Nínú ìwé Hugo, nọ́ńbà ni Valjean jẹ́ lẹ́wọ̀n, 24601. Lórí ìtàgé tiwa, Javert lè máa pè é ní nọ́ńbà, kí dùndún máa pè é lórúkọ, kó máa ki í ní oríkì, títí Javert fúnra rẹ̀ á fi gbọ́. Àgbègbè Ọ̀yọ́ ò wá onílùú tì.

Ọmọ Awẹ́ tó di Javert

Ṣé ẹ mọ̀ pé àgbègbè Afijió ti ní ọwọ́ nínú 'Les Misérables' tẹ́lẹ̀? David Oyelowo, òṣèré tó ṣe Martin Luther King nínú fíìmù 'Selma', Oxford ni wọ́n ti bí i, àmọ́ ìdílé bàbá rẹ̀ wá láti Awẹ́, níbi tó ti sọ pé bàbá bàbá òun jọba lápá kan. Awẹ́ àti Fìdítì, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni. Nígbà tí BBC ṣe 'Les Misérables' onípele mẹ́fà, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2018, Oyelowo ló ṣe Javert, Dominic West sì ṣe Valjean.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kíyè sí níbẹ̀ ni pé kò sí orin London kankan nínú rẹ̀. BBC padà sídìí ìwé Hugo, wọ́n ṣe tiwọn látibẹ̀. Bí BBC pẹ̀lú gbogbo owó wọn bá lè padà sídìí ìwé, kí ló dé tí ọ̀dọ́ Fìdítì ò lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Ẹ ka ìwé náà, kì í ṣe fíìmù. Ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì tí Isabel Hapgood túmọ̀ ní 1887 wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Project Gutenberg, ẹ lè gbà á sórí fóònù. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ìtumọ̀ tuntun, torí olùtumọ̀ náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú kẹ́ ẹ má bàa gbé ohun tí eré London fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ wọ inú tiyín láìmọ̀: bí kò bá sí nínú ìwé Hugo, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ má gbìyànjú láti ṣe gbogbo rẹ̀. Apá márùn-ún ni ìwé náà ní, ó nípọn ju Bíbélì ẹlòmíì lọ. Ẹ mú ibì kan: búrẹ́dì, ẹ̀wọ̀n, ilé bíṣọ́ọ̀bù, àti ọlọ́pàá tó ń lé e. Ìyẹn nìkan tó eré wákàtí kan àtààbọ̀.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba orin náà sílẹ̀ sórí fóònù. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, tẹ́ ẹ bá ti kọ nǹkan tiyín tẹ́ ẹ sì ti fi í pa mọ́ sórí bébà tàbí sínú ẹ̀rọ, ẹ̀tọ́ yín ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ ò tíì nílò láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò, ẹ jókòó, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ta ló kọ ọ̀rọ̀, ta ló gbé ohùn kalẹ̀, báwo la ṣe máa pín owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rẹ́ méjì ò jà lórí eré tí kò mówó wọlé. Ọjọ́ tó bá mówó wọlé ni ìjà ń dé.

Ìdí mìíràn tún wà tí àkọsílẹ̀ fi ṣe pàtàkì. 'Ọ̀mùtí' ṣì wà lónìí torí pé Yunifásítì Ìbàdàn kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ní 1968, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Eré mélòó làwọn ẹgbẹ́ alárìnjó ṣe ní gbogbo ìlú wọ̀nyí, tí ẹnikẹ́ni ò kọ, tó bá àwọn tó ṣe é wọlẹ̀?

Ẹ má sì rò pé eré olórin ò lè mówó wọlé. Bọ́lánlé Austen-Peters ṣe 'Saro' ní Lagos ní 2013, ó ṣe 'Wakaa' ní 2015, èyí tó gbé dé London ní 2016. Hubert Ògúndé náà, eré ṣọ́ọ̀ṣì ló fi bẹ̀rẹ̀ ní 1944 kó tó sọ ọ́ di iṣẹ́ tó bọ́ odindi ẹgbẹ́.

Ní àkótán, bó bá jẹ́ orin London lẹ fẹ́, ẹ lọ gba àṣẹ, ẹ sanwó ẹ̀. Bó bá jẹ́ ìtàn náà lẹ fẹ́, ó ti wà nílẹ̀ fún yín láti 1955, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gbèrò rẹ̀ ní Fìdítì, ní Ìlọrà, ní Awẹ́, ẹ fi ọjọ́ àti ibi tẹ́ ẹ ti máa ṣe é ránṣẹ́ sí mi. Màá kọ ọ́ síbí, màá sì ra tíkẹ́ẹ̀tì tèmi.